Nọ́ọ̀sì Nínú Iléeṣẹ́ Ọmọ Ogun Òfurufú Amẹ́ríkà: Ta Ló Ń Pàṣẹ fún Ta?

Ọ̀pọ̀ wa ló ti rí irú àwòrán yìí rí. Obìnrin kan dúró nínú ikùn bàálù ńlá, ó wọ aṣọ àwọn tó ń fò, ó de ohun ìgbọ́rọ̀ mọ́ etí méjèèjì, ó sì tẹ̀ ba sórí ọkùnrin kan tí wọ́n so mọ́ sítírẹ́ṣà. Àmì ewé igi aláwọ̀ fàdákà wà lára aṣọ rẹ̀, èyí tó túmọ̀ sí pé Lieutenant Colonel ni. Ẹni tó bá rí i á bẹ̀rẹ̀ sí í béèrè: ṣé sójà ni àbí nọ́ọ̀sì? Ṣé dókítà ló ń rán an níṣẹ́ ni, àbí awakọ̀ bàálù? Báwo ni nọ́ọ̀sì ṣe dé irú ipò yẹn? Nígbà tó sì di ọdún 2018, tí wọ́n fi nọ́ọ̀sì kan ṣe Surgeon General fún iléeṣẹ́ ọmọ ogun òfurufú Amẹ́ríkà, ọ̀rọ̀ náà tún lọ́jú pọ̀ sí i, torí ẹni tó bá gbọ́ "surgeon" lásán á rò pé oníṣẹ́ abẹ nìkan ló lè jókòó síbẹ̀.

Ọ̀rọ̀ yìí kàn wá gbọ̀ngbọ̀n. Àwọn ọmọ wa tó ń ṣiṣẹ́ nọ́ọ̀sì ní Amẹ́ríkà kò kéré, àwọn tó ń gbani síṣẹ́ ogun sì máa ń wá irú wọn. Ẹni tí kò bá mọ ìyàtọ̀ láàárín ilẹ̀kùn kan àti èkejì lè fọwọ́ síwèé tí yóò fi ọ̀pọ̀ ọdún kábàámọ̀. Ìdí nìyẹn tí mo fi fẹ́ ká tú u wò díẹ̀díẹ̀.

Àwọn orúkọ wo ló yẹ ká kọ́kọ́ mọ̀?

Oríṣi èèyàn méjì ló wà nínú iṣẹ́ ogun Amẹ́ríkà. Àwọn kan jẹ́ ọ́físà. Ìjọba fún wọn ní ìwé oyè tí wọ́n ń pè ní commission, ìwé yẹn ló sì fún wọn láṣẹ láti darí ẹlòmíì. Àwọn yòókù ni enlisted. Àwọn náà ní oyè tiwọn, láti ìsàlẹ̀ títí dé Chief Master Sergeant, wọ́n sì máa ń mọ iṣẹ́ wọn dunjú, ṣùgbọ́n wọn kì í ṣe ọ́físà.

Nurse Corps ni ẹ̀ka tí wọ́n kó àwọn nọ́ọ̀sì sí. Gbogbo nọ́ọ̀sì tó wà níbẹ̀ ló ní láísẹ́ǹsì RN, ìyẹn ìwé àṣẹ nọ́ọ̀sì kíkún, gbogbo wọn pátá ló sì jẹ́ ọ́físà. Ẹ jọ̀ọ́, ẹ mú gbólóhùn yẹn dání, a máa padà sí i.

Ẹni tó ń bá nọ́ọ̀sì ṣiṣẹ́ lẹ́gbẹ̀ẹ́ ibùsùn, tó ń wọn ìfúnpá, tó ń pààrọ̀ báńdéèjì, tó ń gbé aláìsàn dìde, medical technician ni wọ́n ń pè é. Enlisted ni. Aláìsàn tí ara ń ni lè máa pe àwọn méjèèjì ní nọ́ọ̀sì, kò sì sí ohun tó burú níbẹ̀. Lójú òfin, iṣẹ́ wọn yàtọ̀, ẹrù tó wà lọ́rùn wọn náà yàtọ̀.

Flight nurse ni nọ́ọ̀sì tí wọ́n dá lẹ́kọ̀ọ́ láti tọ́jú aláìsàn nínú bàálù tó wà lójú ọ̀run. Kì í ṣe gbogbo nọ́ọ̀sì inú iléeṣẹ́ òfurufú ló ń ṣe bẹ́ẹ̀. Èyí tó pọ̀ jù nínú wọn ń ṣiṣẹ́ nílẹ̀, ní yàrá ìbímọ, yàrá iṣẹ́ abẹ, wọ́ọ̀dù àti ilé ìwòsàn àwọn ẹbí ológun, gẹ́gẹ́ bí nọ́ọ̀sì ibikíbi.

Ibi tí ọ̀rọ̀ náà ti ń ṣi èèyàn lọ́nà jù ni pé "flight" tún jẹ́ orúkọ àwùjọ òṣìṣẹ́. Flight bíi mélòó kan ló ń di squadron, squadron mélòó kan di group, group mélòó kan di wing. Torí náà, nọ́ọ̀sì tí wọ́n pè ní flight commander lè má gun bàálù nídìí iṣẹ́ rẹ̀ rárá. Ó lè jẹ́ pé wọ́ọ̀dù kan àtàwọn òṣìṣẹ́ ibẹ̀ ló ń darí. Flight nurse ń fò, flight commander ń kó èèyàn jọ ṣiṣẹ́. Ẹnì kan náà lè ṣe méjèèjì, àmọ́ ọ̀tọ̀ ni ọ̀kọ̀ọ̀kan.

Báwo ni nọ́ọ̀sì ṣe dénú bàálù ogun?

Ní oṣù kìíní ọdún 1943, nígbà Ogun Àgbáyé Kejì, wọ́n fún nọ́ọ̀sì kan tó ń jẹ́ Elsie Ott, ọmọ ogun Amẹ́ríkà tó wà ní Karachi, ìlú tó wà ní Pakistan lónìí, ní nǹkan bí ọjọ́ kan péré láti múra. Wọ́n ní kó kó aláìsàn márùn-ún lọ sí Washington nínú bàálù. Kò tíì wọ bàálù rí láyé rẹ̀. Kò sí dókítà tó bá a lọ, ohun èlò ìtọ́jú tó wà níbẹ̀ kò sì fi bẹ́ẹ̀ ju àpótí ìtọ́jú pàjáwìrì lọ. Wọ́n sọdá Áfíríkà, wọ́n sọdá òkun Àtìláńtíìkì, wọ́n sì dé láàárín ọjọ́ mẹ́fà ó lé díẹ̀. Bó bá jẹ́ ọkọ̀ ojú omi ni, bí oṣù mẹ́ta ni ìrìn náà ì bá gbà.

Nígbà tó dé, Ott kọ ohun tí ojú rẹ̀ rí sílẹ̀: ó ní kí wọ́n máa fi ọ́síjìn sínú bàálù, kí báńdéèjì pọ̀ sí i, kí nọ́ọ̀sì sì máa wọ ṣòkòtò dípò síkẹ́ẹ̀tì. Mo fẹ́ràn ìwé yẹn gan-an. Ẹni tí kò tíì fò rí, ó fò lẹ́ẹ̀kan, ó sì kọ ohun tí àwọn tó ń bọ̀ lẹ́yìn nílò. Lọ́dún yẹn kan náà, òun ni obìnrin àkọ́kọ́ nínú ọmọ ogun ilẹ̀ Amẹ́ríkà tó gba àmì ẹ̀yẹ Air Medal.

Oṣù kejì ọdún 1943 ni kíláàsì flight nurse àkọ́kọ́ parí ẹ̀kọ́ ní Bowman Field, nílùú Louisville, ìpínlẹ̀ Kentucky. Lọ́jọ́ náà, Ọ̀gágun David Grant tó jẹ́ olórí ìṣègùn òfurufú yọ àmì ìyẹ́ tó wà láyà tirẹ̀, ó sì fi há aṣọ Geraldine Dishroon, ẹni tó gbégbá orókè nínú kíláàsì náà.

Títí ogun fi parí, nǹkan bí 500 nọ́ọ̀sì ló fò. Àkọsílẹ̀ iléeṣẹ́ náà sọ pé aláìsàn tó lé ní mílíọ̀nù kan ni wọ́n fi bàálù kó, àwọn tó kú sójú ọ̀run nínú wọn jẹ́ 46. Nọ́ọ̀sì 17 ló bá a lọ. Ó sì yẹ ká mọ ìdí tí ewu fi pọ̀: bàálù tó ń gbé aláìsàn bọ̀ ló ń gbé ọta àti sójà lọ síwájú, torí náà wọn kò lè kun àmì àgbélébùú pupa sí i lára, ọ̀tá sì lè yìnbọn sí i.

Ohun tó ṣe pàtàkì jù fún ọ̀rọ̀ tiwa ni àwọn tó wà nínú bàálù náà. Nọ́ọ̀sì kan àti technician kan ni, dókítà kì í sábà bá wọn lọ. Bí ẹ̀jẹ̀ bá bẹ̀rẹ̀ sí í ya lókè òkun, nọ́ọ̀sì ni yóò pinnu ohun tí wọ́n máa ṣe. Àmọ́ oyè àfiwé ni oyè tó wà léjìká rẹ̀ nígbà náà: wọ́n ń pè é ní Lieutenant, ó ń wọ àmì rẹ̀, ṣùgbọ́n kò ní gbogbo àṣẹ àti ẹ̀tọ́ tí ọkùnrin tó wọ irú àmì kan náà ní. Ọdún 1944 ni wọ́n tó fún àwọn nọ́ọ̀sì ní commission kíkún fún ìgbà díẹ̀, òfin ọdún 1947 ló sì wá fìdí rẹ̀ múlẹ̀. Iṣẹ́ ọ̀gá ti wà lọ́wọ́ wọn tipẹ́ kí ìwé ọ̀gá tó dé.

Iléeṣẹ́ ọmọ ogun òfurufú dá dúró lọ́dún 1947. Ní ọjọ́ kìíní oṣù keje ọdún 1949, nọ́ọ̀sì 1,199 kúrò lọ́dọ̀ àwọn ọmọ ogun orí ilẹ̀, wọ́n sì di Nurse Corps tirẹ̀.

Kí ló mú ìtọ́jú lókè yàtọ̀ sí ti ilẹ̀?

Ẹ wo àpò ìpápánu tí wọ́n dí pa nílẹ̀. Bí bàálù bá gòkè, á wú bíi pé ẹnì kan ń fẹ́ atẹ́gùn sí i. Bí ẹ bá sì mu omi inú ike tán lókè, tẹ́ ẹ dé e pa, á ti rún kí bàálù tó balẹ̀. Ohun tó ṣe àpò àti ike yẹn náà ló ń ṣe ara èèyàn.

Wọ́n máa ń tẹ afẹ́fẹ́ sínú bàálù, ṣùgbọ́n kì í tó tilẹ̀. Ara èrò máa ń gbà á bí ìgbà tí èèyàn wà lórí òkè tó ga tó nǹkan bí 8,000 ẹsẹ̀ bàtà. Afẹ́fẹ́ tó há sínú ohunkóhun á gbòòrò níbẹ̀: èyí tó jẹ́ 100 nílẹ̀ á di bí 135. Agbára ọ́síjìn tí ẹ̀dọ̀fóró ń rí gbà náà á dín ní nǹkan bí ìdá kan nínú mẹ́rin.

Ẹni tí ara rẹ̀ dá á sọ pé etí òun dí. Àmọ́ bí ọta ìbọn bá ti gba àyà ẹnì kan kọjá, tí afẹ́fẹ́ sì há sáàárín ẹ̀dọ̀fóró àti igbá àyà rẹ̀, afẹ́fẹ́ yẹn á máa wú bí bàálù ṣe ń gòkè, á tẹ ẹ̀dọ̀fóró, á tẹ ọkàn. Ìdí nìyẹn tí wọ́n fi ń ki rọ́bà bọ àyà irú ẹni bẹ́ẹ̀ kí bàálù tó gbéra, kí afẹ́fẹ́ lè ríbi jáde. Ẹni tí afẹ́fẹ́ wà nínú ojú rẹ̀ tàbí nínú agbárí rẹ̀ lẹ́yìn iṣẹ́ abẹ náà ń fẹ́ ìṣọ́ra bẹ́ẹ̀.

Ẹ jẹ́ ká sún mọ́ aláìsàn kan. Kò mọ ara rẹ̀, ẹ̀rọ ló ń bá a mí, ọ̀pá tó gbé atẹ́gùn wọlé gba ẹnu rẹ̀ dé ọ̀nà ọ̀fun. Rọ́bà kékeré kan tí wọ́n fẹ́ bíi fèrè yí ọ̀pá náà ká nísàlẹ̀, òun ni kì í jẹ́ kí atẹ́gùn jò padà. Bàálù gbéra. Nọ́ọ̀sì ti mú òṣùwọ̀n kékeré dání, ó fi so mọ́ ìdí rọ́bà náà, ojú rẹ̀ kò kúrò lára abẹ́rẹ́ òṣùwọ̀n. Bí bàálù ṣe ń gòkè, abẹ́rẹ́ ń gòkè. Ó tú atẹ́gùn díẹ̀ sílẹ̀, ó tún wò ó. Bí kò bá tú u, rọ́bà náà á máa wú, á sì fún ẹran ọ̀nà ọ̀fun pa. Nígbà tí wọ́n bá ń balẹ̀, ìdàkejì ló máa ṣe: á fẹ́ ẹ padà díẹ̀díẹ̀, torí rọ́bà tó bá rọ á jẹ́ kí atẹ́gùn jò. Iṣẹ́ kékeré lójú ẹni tó ń wò ó ni, ṣùgbọ́n ẹ̀mí wà nídìí rẹ̀.

Gbogbo èyí ń ṣẹlẹ̀ nínú ariwo tí kì í jẹ́ kéèyàn gbọ́ ohun ara rẹ̀. Ohun tí dókítà ń fi sétí láti gbọ́ àyà kò fi bẹ́ẹ̀ wúlò níbẹ̀, ọwọ́ ni nọ́ọ̀sì ń gbé lé àyà méjèèjì láti mọ̀ bóyá wọ́n jọ ń gòkè. Afẹ́fẹ́ inú bàálù gbẹ, ojú ẹni tí kò lè ṣẹ́jú á gbẹ pẹ̀lú rẹ̀ bí wọn kò bá kán nǹkan sí i. Òkúta ìwúwo tí wọ́n fi ń fa ẹsẹ̀ tó ṣẹ́ nílé ìwòsàn kò ṣeé lò, torí á máa fì síhìn-ín fì sọ́hùn-ún. Gbígbọ̀n bàálù nìkan tó láti jẹ́ kí egungun tó ṣẹ́ máa ro èèyàn wákàtí lórí wákàtí.

Ta ló ń pàṣẹ nínú bàálù?

Ikọ̀ tí wọ́n sábà máa ń rán lọ jẹ́ èèyàn márùn-ún: flight nurse méjì àti technician mẹ́ta. Ọ̀kan nínú àwọn nọ́ọ̀sì ni Medical Crew Director, ìyẹn olórí ikọ̀ ìtọ́jú. Òun ló ń pín iṣẹ́, òun ló ń pinnu ibi tí sítírẹ́ṣà kọ̀ọ̀kan máa wà, òun ló sì ń bá awakọ̀ sọ̀rọ̀.

Kí aláìsàn tó dé ọ̀dọ̀ rẹ̀, dókítà kan ti yẹ̀ ẹ́ wò pé ara rẹ̀ lè gba fífò. Flight surgeon ni orúkọ irú dókítà bẹ́ẹ̀. Orúkọ yìí náà ń tanni: kì í ṣe iṣẹ́ abẹ ló ń ṣe, ìṣègùn àwọn tó ń fò ni.

Bí ara ẹnì kan bá burú gan-an, wọ́n á fi èèyàn mẹ́ta mìíràn kún ikọ̀ náà: dókítà tó mọ̀ nípa ìtọ́jú àwọn tó wà láàárín ikú àti ìyè, nọ́ọ̀sì irú iṣẹ́ yẹn, àti onímọ̀ ẹ̀rọ mímí. Dókítà yẹn ló ń darí ìtọ́jú aláìsàn tiwọn. Àwọn aláìsàn yòókù àti ètò ìtọ́jú inú bàálù lápapọ̀ ṣì wà lọ́wọ́ olórí ikọ̀.

Awakọ̀ ńkọ́? Òun ló ni àṣẹ lórí bàálù àti ààbò gbogbo ẹni tó wà nínú rẹ̀, kódà bó jẹ́ Captain tó ṣì kéré lọ́jọ́ orí, tí nọ́ọ̀sì sì jẹ́ Lieutenant Colonel, oyè tó ga ju tirẹ̀ lọ. Ẹ rò ó bí ìgbà tí agbẹ̀bí bá wọkọ̀ pẹ̀lú aboyún tó ń rọbí. Dẹ́rẹ́bà ló mọ títì, kò sẹ́ni tó máa gba ọwọ́ ọkọ̀ lọ́wọ́ rẹ̀. Ṣùgbọ́n bí agbẹ̀bí bá ní "rọra!", dẹ́rẹ́bà tó gbọ́n á rọra.

Ohun tó ń ṣẹlẹ̀ gan-an nìyẹn. Bí aláìsàn kan kò bá lè fara da 8,000 ẹsẹ̀ bàtà, wọ́n á sọ fún awakọ̀ pé kó má ṣe jẹ́ kí inú bàálù ga ju ìwọ̀n báyìí lọ. Awakọ̀ á wá fò nísàlẹ̀ díẹ̀. Epo á jó sí i, ìjì á gbọn bàálù sí i, ó sì lè gba pé kí wọ́n yà síbì kan lọ bu epo. Àwọn méjèèjì gbọ́dọ̀ jọ sọ ọ́ kí wọ́n tó gbéra. Ẹni tó rò pé kí nọ́ọ̀sì ológun kàn máa sọ pé "bẹ́ẹ̀ ni, sà" ló máa ń ṣe kò tíì mọ iṣẹ́ yìí.

Bí oyè nọ́ọ̀sì bá ga ju ti dókítà ńkọ́?

Ó máa ń ṣẹlẹ̀ lójoojúmọ́. Dókítà tó ṣẹ̀ṣẹ̀ wọlé lè jẹ́ Captain, kí nọ́ọ̀sì tó bá nídìí iṣẹ́ jẹ́ Colonel. Lójú ọ̀nà, Captain ni yóò kọ́kọ́ kí Colonel ní ìkíni ológun. Bí Colonel bá jẹ́ ọ̀gá àgbà ilé ìwòsàn, òun ló ń pinnu ètò iṣẹ́, òun ló sì ń fọwọ́ sí ìwé ìgbéga dókítà. Ṣùgbọ́n bí Captain bá kọ oògùn fún aláìsàn, Colonel kò lè torí pé oyè òun ga kó wá yí oògùn náà padà. Láísẹ́ǹsì ló ń sọ ohun tí ọwọ́ ẹnì kọ̀ọ̀kan lè ṣe sí ara aláìsàn. Oyè ń sọ ẹni tó ń darí òṣìṣẹ́ àti ohun ìní.

Òfin méjì ló wà lórí nọ́ọ̀sì yìí lẹ́ẹ̀kan náà, mo sì gbà pé ibẹ̀ gan-an ni gbogbo ìdàrúdàpọ̀ ti ń wá. Bí nọ́ọ̀sì bá rí i pé oògùn tí wọ́n kọ lè pa aláìsàn, iṣẹ́ rẹ̀ ni láti dúró, kó béèrè, kó sì gbé e dé iwájú ẹni tó lè yanjú rẹ̀. Aṣọ ológun kò gba ẹrù yẹn kúrò lọ́rùn rẹ̀.

Báwo ni wọ́n ṣe ń wọlé?

Ọ̀nà kan ò wọ ọjà. Ẹni tó ti ní dígírì nọ́ọ̀sì àti láísẹ́ǹsì RN lè tọrọ commission tààrà. Akẹ́kọ̀ọ́ lè gba ROTC, ìyẹn ẹ̀kọ́ ológun fún akẹ́kọ̀ọ́, kọjá nílé ẹ̀kọ́ gíga, kó di ọ́físà nígbà tó bá parí. Enlisted tó ti ń sìn náà lè rí àyè lọ kàwé nọ́ọ̀sì, kó sì padà wá bí ọ́físà. Ẹni tó ṣẹ̀ṣẹ̀ parí ilé ẹ̀kọ́ sábà máa ń bẹ̀rẹ̀ bí Second Lieutenant, ṣùgbọ́n wọ́n lè ka ìrírí sí ẹlòmíì lọ́rùn kó bẹ̀rẹ̀ níbi tó ga jùyẹn. Ibùdó ológun Maxwell, nílùú Montgomery ní Alabama, ni ilé ẹ̀kọ́ àwọn ọ́físà wà. Ẹni tó bá fẹ́ fò á tún lọ sí ibùdó ológun Wright-Patterson ní Ohio láti kọ́ ìtọ́jú òfurufú, á sì kọ́ bí èèyàn ṣe ń là á já bí bàálù bá já sí ilẹ̀ ọ̀tá.

Ibi tí mo ti ń bẹ̀rù fún àwọn èèyàn wa rèé. Ẹni tó bá fẹ́ commission gbọ́dọ̀ jẹ́ ọmọ orílẹ̀-èdè Amẹ́ríkà. Ẹni tó ní Green Card kò tíì kúnjú ìwọ̀n. Green Card tó láti wọlé bí enlisted o, ibẹ̀ sì ni àṣìṣe wà. Nọ́ọ̀sì tó ti ní dígírì àti láísẹ́ǹsì lè gbọ́ pé "wọlé báyìí, wàá di nọ́ọ̀sì wa tó bá yá", kó sì fọwọ́ sí ìwé enlisted. Láti ọjọ́ náà, kì í ṣe ara Nurse Corps. Iṣẹ́ tó wà nínú ìwé tó fọwọ́ sí ni yóò ṣe, owó oṣù enlisted ni yóò gbà, láísẹ́ǹsì rẹ̀ kò sì sọ ọ́ di ọ́físà.

Mi ò sọ pé ọ̀nà yẹn burú. Òfin fàyè gba ọmọ ogun tó ń sìn láti tọrọ ìwé ọmọ orílẹ̀-èdè, lẹ́yìn ìyẹn ó lè wá commission. Àwọn kan mọ̀ọ́mọ̀ gba ibẹ̀ ni. Ohun tó ń dùn mí ni kéèyàn gba ibẹ̀ láìmọ̀. Kẹ́ ẹ tó fọwọ́ sí ohunkóhun, ẹ béèrè lẹ́nu ẹni tó wà níwájú yín: ṣé ìwé ọ́físà ni àbí ti enlisted? Kí ni orúkọ iṣẹ́ náà nínú ìwé? Ọdún mélòó? Àwọn tó ń gba enlisted àtàwọn tó ń gba oníṣègùn síṣẹ́ ọ́físà kì í sábà jẹ́ ẹnì kan náà, ẹ ní kí wọ́n mú yín dé ọ̀dọ̀ ẹni tọ́rọ̀ kàn.

Lórí iye ọdún, ọdún 8 lápapọ̀ ni àdéhùn àkọ́kọ́ sábà máa ń jẹ́. Wọ́n á lo díẹ̀ nínú rẹ̀ lẹ́nu iṣẹ́ ojoojúmọ́, ìyókù á wà nínú ìpamọ́, níbi tí wọ́n ti lè pe èèyàn padà. Àwọn mìíràn kì í tilẹ̀ fi iṣẹ́ ìlú sílẹ̀: èyí tó pọ̀ jù nínú àwọn ikọ̀ tó ń fi bàálù kó aláìsàn wà nínú Air Force Reserve àti Air National Guard, àwọn tó ń ṣe nọ́ọ̀sì nílé ìwòsàn lásán láàárín ọ̀sẹ̀, tí wọ́n sì ń fò nígbà tó bá kàn wọ́n.

Ibo ni àkàbà náà dé?

Second Lieutenant, First Lieutenant, Captain, Major, Lieutenant Colonel, Colonel, kó tó wá kan àwọn ọ̀gágun oníràwọ̀. Oyè nìyẹn. Ipò tún jẹ́ ohun mìíràn: flight commander, squadron commander, chief nurse, ọ̀gá ilé ìwòsàn. Chief nurse kì í ṣe oyè, iṣẹ́ ni.

Fún ìgbà pípẹ́, òkè àkàbà náà ní òrùlé. Obìnrin kò lè di ọ̀gágun, àfìgbà tí òfin oṣù kọkànlá ọdún 1967 mú ìdíwọ́ náà kúrò. Àwọn ọkùnrin náà ní ìdíwọ́ tiwọn: títí di ọdún 1955, ọkùnrin tó kàwé nọ́ọ̀sì kò lè gba commission bíi nọ́ọ̀sì rárá. Lọ́dún 1972, Ann Hoefly di nọ́ọ̀sì àkọ́kọ́ nínú iléeṣẹ́ òfurufú tó dé ipò Brigadier General, oníràwọ̀ kan.

Lẹ́yìn náà ni Dorothy Hogg dé. Ní ọdún 2018, ó di Lieutenant General, oníràwọ̀ mẹ́ta, àti Surgeon General iléeṣẹ́ náà. Òun ni nọ́ọ̀sì àkọ́kọ́ àti obìnrin àkọ́kọ́ tó wà níbẹ̀. Surgeon General ni olórí gbogbo ètò ìlera iléeṣẹ́ náà: dókítà, oníṣègùn eyín, nọ́ọ̀sì, technician. Kò di dandan kó di ọ̀bẹ iṣẹ́ abẹ mú. Nígbà tí wọ́n dá Space Force, ẹ̀ka ológun tó ń bójú tó gbalasa òfurufú, sílẹ̀ ní òpin ọdún 2019, òun náà ni Surgeon General àkọ́kọ́ fún un, torí àwọn oníṣègùn iléeṣẹ́ òfurufú ló ń tọ́jú àwọn ti ibẹ̀.

Báwo ni àṣẹ yẹn ṣe máa ń rí lọ́jọ́ tí nǹkan bá bàjẹ́?

Ní ọjọ́ kẹrin oṣù kẹrin ọdún 1975, bàálù C-5 kan gbéra ní Saigon, olú ìlú Gúúsù Vietnam nígbà náà, pẹ̀lú èèyàn tó lé ní 300, ọmọdé ló pọ̀ jù nínú wọn. Olórí ikọ̀ ìtọ́jú rẹ̀ ni First Lieutenant Regina Aune. Bí bàálù ṣe ń gòkè, ilẹ̀kùn ẹ̀yìn já dànù. Awakọ̀ yí i padà, ṣùgbọ́n kò dé pápákọ̀. Inú oko ìrẹsì ló já sí, ó sì fọ́ sí wẹ́wẹ́. Ó lé ní 130 èèyàn tó kú. Captain Mary Klinker, flight nurse bíi tirẹ̀, wà lára wọn.

Aune dìde nínú ẹrẹ̀. Egungun ẹsẹ̀ rẹ̀ ti ṣẹ́, egungun ẹ̀yìn rẹ̀ náà ti ṣẹ́. Ó bẹ̀rẹ̀ sí í gbé àwọn ọmọ jáde bọ́ sọ́wọ́ àwọn tó wá fi hẹlikópítà kó wọn, ó ń gbé wọn títí ara rẹ̀ kò fi lè ṣe é mọ́. Nígbà náà ló lọ bá ọ́físà kan, ó sọ fún un pé ara òun kò jẹ́ kí òun lè máa bá iṣẹ́ lọ, pé kí wọ́n gba iṣẹ́ náà lọ́wọ́ òun. Ẹ̀yìn ìyẹn ló tó dákú.